Mọ́tò Tó Gba Oòrùn Lọ́wọ́ Ọmọ

Mọ́tò kan wà nínú àgbàlá ilé yẹn tí kì í lọ síbì kankan. Bàbá Onílé ló ni ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dán an wò tó fi ìka kàn án, kó yáa tètè wá ibi tó máa fara pamọ́ sí. Bàbá Onílé da tapólì bò ó láti orí dé táyà, ó so ó mọ́ bọ́ńpà níwájú àti lẹ́yìn, kí oòrùn má baà jẹ ọ̀dà ara rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń pani lẹ́rìn-ín: nínú gbogbo àgbàlá náà, ibi kan ṣoṣo tí oòrùn ń dé, ibẹ̀ gan-an ni mọ́tò náà wà. Mọ́tò tó ń bẹ̀rù oòrùn ló jókòó sínú oòrùn, àwọn èèyàn tó nílò oòrùn wá wà nínú òjìji, wọ́n ń wò ó.

Tẹ́lẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oòrùn máa ń kún àgbàlá náà títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àfi ìgbà tí ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Ilé náà ga, ó tún ga, kò sì dúró títí tó fi gbé èjìká lé ojú ọ̀run. Àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná lọ́sàn-án. Aṣọ tí wọ́n bá fọ̀ lónìí, tí ọ̀la bá dé, á ṣì tutù, á sì máa rùn bí aṣọ ẹni tó bọ́ sódò.

Màmá Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ fura. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún rẹ̀ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ti kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ ọmọ rẹ̀, nínú yàrá méjì tó kọjú sí àgbàlá lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sá aṣọ aláṣọ máa ń mọ ìrìn oòrùn bí obìnrin ṣe ń mọ ìrìn ọkọ rẹ̀. Ó mọ ìgbà tó ń bọ̀, ó mọ ìgbà tó ń lọ, ó sì mọ ìgbà tó ń purọ́.

"Wọ́n ti jí oòrùn yín gbé," ó wí fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni, iwájú fèrèsé ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ máa ń wà. Kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọmọ kan ṣoṣo ni aránṣọ bí. Obìnrin ni, ó ti lé lọ́dún kan ààbọ̀, Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé sì ń pè é, nítorí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí. Ibi tó o bá gbé e sí lo máa bá a. Kì í fa nǹkan wó, kì í sá jáde, kì í gun àga. Àwọn ìyá tó kù á máa wò ó tìlarátìlara, wọ́n á ní, "Ẹ wo ọmọ gidi! Tiwa ò jẹ́ á mí." Màmá Alágbàfọ̀ náà máa ń yìn ín. Ó máa ń sọ pé ọmọ-ọmọ òun fìwà jọ òun, irọ́ tó jìnnà sí òótọ́ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà sójú ọ̀run, nítorí kò sí ìgbà kan láyé rẹ̀ tí Màmá jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ kan ló fẹ́ wẹ̀ fún ọmọ náà, ó gbé e dúró sínú abọ́ ìwẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síta lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀ka igi tútù, ọmọ sì fi igbe ta. Màmá gbé e mọ́ra kíá. Ó tún un gbé dúró, ó tún ké. Ìgbà náà ni Màmá rí i pé gbogbo ìyìn tí wọ́n ti ń kó fún ọmọ yìí, òfo ni. Ìwà kọ́ ló jẹ́ kó máa jókòó sójú kan. Ẹsẹ̀ ni kò gbé e.

Dókítà tó yẹ ọmọ náà wò jẹ́ obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ya àwòrán eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀.

"Eegun rẹ̀ ò le tó," ó wí. "Kí ló ń jẹ?"

Wọ́n ka oúnjẹ fún un: wàrà, ẹyin, ẹja. Dókítà ní ó dáa.

"Ṣé ó ń rí oòrùn?"

"Ó ń rí i dáadáa!" Aránṣọ tètè dáhùn, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdáhùn. "Kí ilé ẹ̀gbẹ́ wa tó gbérí, ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbé e síwájú fèrèsé tí mo bá ń ránṣọ. Oòrùn á bo gbogbo ara rẹ̀."

"Ṣé fèrèsé yẹn ń ṣí?"

"Rárá, Dókítà. Gíláàsì ni wọ́n fi dí i pa, nítorí eruku."

Dókítà gbé àwòrán náà sílẹ̀. "Gíláàsì máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó máa ń jẹ́ kí ooru wọlé, ṣùgbọ́n èyí tí eegun ń fẹ́ nínú oòrùn, ìta ló máa ń dá a dúró sí. Oòrùn gbọ́dọ̀ kan awọ ara fúnra rẹ̀. Tó bá kàn án, ara á fi ṣe èròjà kan tó máa ń bá eegun gba agbára inú oúnjẹ. Tí èròjà yẹn ò bá sí, ẹ fún un ní wàrà kún garawa, á kàn gba inú rẹ̀ kọjá lásán ni."

Ọkọ aránṣọ, tó jẹ́ bíríkìlà, tó bá wọn wá, mi orí. "Bí ẹni tó kó sìmẹ́ǹtì jọ tí kò rómi pò ó nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Awọ dúdú bíi tiwa kì í sì í kánjú. Ó ń fẹ́ kí oòrùn pẹ́ lára òun díẹ̀." Dókítà kọ oògùn tí wọ́n á máa kán sí ọmọ náà lẹ́nu. "Ẹ dé fìlà fún un, ẹ máa fún un lómi, tí ara rẹ̀ bá ti ń gbóná jù, ẹ gbé e kúrò. Ẹ má torí oòrùn pa oògùn tì, ẹ má sì torí oògùn pa oòrùn tì. Tá a bá tètè bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ yìí ṣì lè nà. Tá a bá fi falẹ̀, bó ṣe tẹ̀ yẹn ló máa gan."

Aránṣọ sunkún títí wọ́n fi délé. Ó ní òun lòun fi gíláàsì tan ọmọ òun jẹ.

"Ta ló sọ fún ọ?" Màmá bi í. "Èmi tí mo fi oòrùn jẹun láti kékeré, ṣé mo mọ̀? Nu ojú ẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa kì í tilẹ̀ ṣe orí, ẹsẹ̀ ni. A ò ní jókòó máa wò ó."

Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú. Oòrùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù náà wà níbẹ̀. Eruku bo ọmọ náà tó fi ń húkọ́ bí àgbàlagbà, alùpùpù kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Pápá tó wà nítòsí, ìsàlẹ̀ òkè gíga kan ló wà. Màmá gbé ọmọ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ sì bá a ṣẹjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ìyẹn ló jẹ́ kó jókòó sójú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń wo ìsàlẹ̀. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, oòrùn yọ́ wọ àárín ilé méjèèjì, ó bọ́ sórí tapólì Bàbá Onílé, ó sì jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán gangan.

Màmá ró aṣọ rẹ̀, ó gun òkè lọ bá a. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ga jù ni Bàbá Onílé ń gbé, òun nìkan.

"Bàbá Onílé, ọ̀rọ̀ mọ́tò yín ni mo bá wá."

Bàbá Onílé fò dìde lọ sójú fèrèsé. "Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Òun náà ò kúkú ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bóyá ẹ lè jẹ́ ká tì í sábẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, kí ọmọ wa lè máa yá oòrùn níbi tó wà. Dókítà ló sọ ọ́. Eegun ọmọ náà ò dáa."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Bàbá Onílé wí, ó sì fi inú kan sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n Màmá, mọ́tò tí mo kọ́kọ́ fi òógùn ojú mi rà nìyẹn. Ibi tí mo gbé e sí lọ́jọ́ tí mo rà á ló ṣì wà. Láti ojú fèrèsé yìí ni mo ti ń rí i. Tẹ́ ẹ bá tì í sábẹ́ ògiri, mi ò ní rí i mọ́."

"Ẹ ò rí i báyìí náà, Bàbá. Tapólì lẹ̀ ń rí."

Bàbá Onílé lejú. "Nítorí oòrùn ni mo ṣe bò ó."

"Ohun tó bá ń bẹ̀rù oòrùn, ṣebí inú òjìji ló yẹ kéèyàn gbé e sí?"

"Màmá, ilé ta nilé yìí?"

"Ilé yín ni."

"Àgbàlá ńkọ́?"

"Àgbàlá yín ni, Bàbá. Oòrùn wá ńkọ́? Ta ló ni ìyẹn?"

"Èyí tó bá ti bọ́ sínú ilẹ̀ mi," Bàbá Onílé wí, "èmi ni mo ni ín."

Ẹ jẹ́ á sọ òótọ́: ẹnu ló gba ọ̀rọ̀ yẹn sọ, bóyá ọkàn rẹ̀ kò mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́. Inú bí Màmá débi pé kò rántí pé orúnkún ń dun òun títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bàbá Onílé di ẹrù, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà nílùú mìíràn, ó ní òun á pẹ́ díẹ̀ kóun tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ gan-an ni Màmá kan ilẹ̀kùn ajórin tí wọ́n ń pè ní wẹ́dà, tó ń gbé nísàlẹ̀.

"Wẹ́dà, ṣé o ṣì lágbára?"

"Mo lágbára, Màmá. Kí la fẹ́ gbé?"

Nígbà tí bíríkìlà gbọ́, ó sáré sọ̀kalẹ̀. Èèyàn rere ni, àmọ́ kò sí ohun tó ń bà á lẹ́rù bíi kí wọ́n lé òun nílé. "Màmá, ẹ dákun, ẹ má dá wàhálà sílẹ̀ fún mi. Tí bàbá yẹn bá dé ńkọ́? Tó bá lé wa jáde, ibo la fẹ́ gbé ọmọ yìí lọ?"

"Ọkọ ọmọ mi, jẹ́ n bi ọ́. Ta ló mọ ògiri tó dí oòrùn ilé yìí?"

Bíríkìlà wolẹ̀. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ó ti fi ògiri náà yangàn lójú wọn rí, pé kò sí ibi tó wọ́ níbẹ̀.

"Iṣẹ́ ni, Màmá," ó wí jẹ́ẹ́.

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mi ò bá ọ jà. Ìwọ mọ ògiri, èmi náà fẹ́ gbé mọ́tò."

Bíríkìlà ní òun ò fẹ́ mọ̀ sí i. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjá lọ síbi iṣẹ́, kó lè rí nǹkan búra lé lórí tọ́jọ́ ìbéèrè bá dé. Màmá kò sì pè é padà.

Wẹ́dà fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kì í tì mọ́, ó yọ ọ́ kúrò nínú jíà. Àwọn ayálégbé tó kù fèjìká ti iwájú rẹ̀. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Mọ́tò kọ́kọ́ ṣe bíi pé kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó yí, ó sì wọ́ lọ sábẹ́ ògiri. Wọ́n tún tapólì rẹ̀ so dáadáa, Màmá ló so ó fúnra rẹ̀, nítorí kì í ṣe mọ́tò lòun ń bá jà.

Oòrùn bọ́ sórí ilẹ̀ tí kò tíì fojú kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra mọ́tò náà. Màmá tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó bọ́ aṣọ Jẹ́jẹ́, ó ku ṣòkòtò pénpé àti fìlà, ó gbé e jókòó. Ọmọ náà di ojú, ó fún imú pọ̀, ó sunkún díẹ̀, ó wá na ọwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ náà bí ẹni ń wá nǹkan nínú omi.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ tí oòrùn bá ti yọ́ wọlé, Màmá àti ọmọ á ti wà níbẹ̀. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sísàlẹ̀. Àwọn ayálégbé kó aṣọ tútù wọn dé, Màmá sì ṣòfin fún wọn: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta okùn tí òjìji aṣọ rẹ̀ á bọ́ sórí ọmọ. Ẹni tó bá rú òfin náà, Màmá á ká aṣọ rẹ̀ lórí okùn, á sì ká a dáadáa, létí sí etí, nítorí iṣẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ náà, tó máa ń làágùn lórí lóru tó sì máa ń ta gìrì lójú oorun, bẹ̀rẹ̀ sí í sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Aránṣọ tí ojú rẹ̀ ti ṣú láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ dókítà wá ń kọrin sídìí ẹ̀rọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọrin. Màmá náà kíyè sí i pé àárọ̀ kì í rí òun lára bíi tàná mọ́. Ó bú oòrùn, ó ní ibo ló ti wà láti ọjọ́ yìí.

Dókítà tún ya àwòrán, ó ní eegun náà ti ń le, kí wọ́n má dáwọ́ dúró. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìró Màmá, á fà á títí á fi dìde. Ẹsẹ̀ náà ṣì tẹ̀, àmọ́ wọ́n gbé e. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ni kò sì ṣe. Tó bá ti dìde, á di aṣọ mú pinpin. Tí wọ́n bá rọra yọ aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á jókòó. Ẹsẹ̀ tó ti já a kulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò tún fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́.

"Yóò rìn," ni Màmá máa ń wí. Ó ń sọ ọ́ kíkankíkan, nítorí ẹ̀rù ń bà á.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni Bàbá Onílé dé. Ó gbé àpò rẹ̀ wọ ẹnu géètì, ó sì dúró síbẹ̀. Gbogbo ilé wà nínú àgbàlá. Oòrùn ti ń mú díẹ̀, aránṣọ ti gbé ọmọ sínú òjìji lẹ́yìn mọ́tò, ó fún un ní ègé aṣọ kó fi ṣeré. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ẹni tó ń fún aṣọ gbé e mọ́ ọwọ́, omi ń kán.

"Ta ló gbé mọ́tò mi?"

Màmá wo àwọn ayálégbé lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Èmi ni," ó wí.

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan. Agbára ọjọ́ ogbó."

Ẹnì kan tú ẹ̀rín jáde, ó sì yára fi ikọ́ bò ó. Ara Bàbá Onílé gbóná bí iná. Ó ní òun ò ní bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ gùn. Kí mọ́tò òun padà sí ààyè rẹ̀ lójú òun báyìí báyìí, tàbí kí ìdílé Màmá kó ẹrù wọn jáde lóṣù tó ń bọ̀, àtìyá, àtọkọ, àtọmọ.

Màmá fàáké kọ́rí. Ó lọ sí àárín ibi tí oòrùn wà, ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Mọ́tò yín lè padà wá, Bàbá. Orí mi ló máa gbà kọjá."

Bàbá Onílé já tapólì kúrò, ó wọnú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò kò tilẹ̀ húkọ́. Ó yọ ọ́ kúrò nínú jíà, ó bọ́ sílẹ̀, ó nàka sí wẹ́dà. "Wá bá mi tì í."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, Bàbá."

Ó nàka sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn ń dun ìyẹn náà. Àrùn ẹ̀yìn ti jà nílé náà, kò sẹ́ni tí kò mú. Ìgbà náà ló wá kọjú sí ẹni tó mọ̀ pé kò jẹ́ kọ̀ fóun. "Bíríkìlà! Ìwọ ni mo gbé yàrá fún. Wá tì í."

Bíríkìlà dìde. Ó rìn lọ sídìí mọ́tò náà, ó gbé ọwọ́ lé e. Màmá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fẹ́ rí i.

"Mọ́tò gidi ni, Bàbá," bíríkìlà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dun èmi náà." Ó sì lọ jókòó sórí ilẹ̀ lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀, nínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínà bíi tirẹ̀. Màmá gbá a lórúnkún.

"Ó dáa," ni Bàbá Onílé wí. "Èmi náà ṣì lápá."

Ó bọ́ ẹ̀wù òkè, ó lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó fèjìká tì í. "Hẹ̀n-ẹ̀n!" Mọ́tò mì, ó padà. "Hẹ̀n-ẹ̀n!" Ó yí bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Àánú rẹ̀ ì bá ṣeni, ká ní inú kò bí gbogbo ilé. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹni tó gbẹ̀yìn láti rí ohun tí gbogbo ilé ti rí.

Jẹ́jẹ́ ti ju ègé aṣọ nù. Ó ti wọ́ dé ìdí mọ́tò, ó ti di bọ́ńpà mú, ó ti dìde. Ó wo bàbá àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ kékeré méjèèjì lé mọ́tò náà, ó sì fi gbogbo ara tì í.

"Hẹ̀n!" ló wí.

Mọ́tò yí díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bá a lọ. Ẹsẹ̀ ní láti tẹ̀ lé ọwọ́, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Ó mì, ó dúró. Ẹsẹ̀ òsì náà lọ.

Aránṣọ pariwo, ó fẹ́ sáré sí i.

"Jókòó!" Màmá ké mọ́ ọn. "Má fọwọ́ kàn án!"

Ariwo náà ló jẹ́ kí Bàbá Onílé gbójú sókè. Ó rí ọwọ́ kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Ó dúró, mọ́tò náà sì dúró. Ọmọ náà tì í, kò lọ. Ó tún tì í. Ó wá gbé ojú wo Bàbá Onílé tìbínú-tìbínú, bí ẹni tí ẹnìkejì fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún.

"Tì!" ó wí.

Bàbá Onílé wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wo Màmá tó jókòó síwájú mọ́tò.

"Màmá, tí mo bá tì í, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Omi ti bo ojú Màmá, kò sì nù ún. "Ẹ ò gbọ́ ohun tó wí ni? Ẹ tì í! Kó máa bọ̀! Kó gun orí mi! Ẹ ṣáà tì í!"

Bàbá Onílé tì í. Kò fi agbára tì í mọ́, ó ń tì í bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Mọ́tò ń yí díẹ̀díẹ̀, ọmọ ń tẹ̀ lé e, ọ̀tún, òsì, ó ń mì, kò ṣubú, títí imú mọ́tò fi wọnú oòrùn, tí táyà rẹ̀ sì dé àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá. Màmá kò fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Bíríkìlà náà kò fa tirẹ̀.

"Ó tó," ni Bàbá Onílé wí. Ó tẹ̀ba, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó wo ibi tí mọ́tò rẹ̀ ti ń gbé láti ọjọ́ tó ti ní in. Ó wo ẹní. Ó wo ọmọ tí kò tíì gbé ọwọ́ kúrò. "Wẹ́dà, ẹ wá bá mi tì í padà sábẹ́ ògiri. Ṣé ẹ̀yìn náà ti lọ?"

Ẹ̀yìn ti lọ. Gbogbo ilé rọ́ wá síwájú mọ́tò, wọ́n fèjìká tì í, aránṣọ sì di ọmọ mú lábíyá kó lè yípo wá bá wọn. Bàbá Onílé kò tì í mọ́. Ó tẹ̀ lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi igbe bọnu, "Ẹ rọra o! Ẹ máa wolẹ̀! Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀!" Gbogbo ilé ló mọ̀ pé mọ́tò kọ́ ló ní lọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá rọra fọwọ́ kan Màmá léjìká. "Màmá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Onílé, wọ́n ti fún wa ní oòrùn."

"Fún wa bí?" Màmá dìde lórí ẹní, ó gbọn ìró rẹ̀. "Kì í ṣe òun ló ni ín."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá àgbà tí òógùn bò náà, ó tẹ orúnkún tó ń dùn ún ba díẹ̀.

"Bàbá Onílé," ó wí, "ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá ọmọ mi ti mọ́tò."